Free méjìlá nínú function kan: ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ dídá mẹ́mọ́rì padà nínú kóòdù C yìí

Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Library kékeré kan wà tí wọ́n fi C kọ, open source ni, iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó máa ka fáìlì config lọ. Èmi kọ́ ni mo ni ín, mo kàn máa ń fi patch (àtúnṣe kóòdù) ránṣẹ́ sí wọn tí mo bá ráyè ni. Function kan ń bẹ níbẹ̀, load_conf lorúkọ ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ń yá mẹ́mọ́rì: name, buf, line, c. Ibi tó bá ti kọsẹ̀, ibẹ̀ náà ni á ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe free (àṣẹ tó ń dá mẹ́mọ́rì tí a yá padà) lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó return NULL (òfo). Mo kà á, free méjìlá nínú function tí ò pé ọgọ́ta láìnì. Mo fẹ́ tún un ṣe kó ṣeé kà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lo goto (àṣẹ tó ń fò lọ síbòmíì nínú kóòdù), bẹ́ẹ̀ olùkọ́ tó kọ́ wa ní C sọ pé ẹni tó bá lo goto, òdo ni máàkì ẹ̀. Ẹlòmíì ní __attribute__((cleanup)), èyí tó ń gbálẹ̀ fúnra ẹ̀, ni kí n lò, ó ní ayé ti kọjá goto. Èwo ni kí n ṣe ẹ jọ̀ọ́? Àti pé ṣé irú patch bẹ́ẹ̀ tiẹ̀ wúlò, àbí wọ́n á ní mo kàn ń fi kóòdù oníkóòdù ṣeré ni?

Apá tó kẹ́yìn nínú ẹ̀ nìyí:

    if (parse(c, name, buf, line) < 0) {
        if (name) free(name);
        if (buf) free(buf);
        if (c) free(c);
        return NULL;
    }

* * *

Àbúrò, kí á tó dé orí goto, kóòdù tí o lẹ̀ síbẹ̀ yẹn ń jò: ó ń yá mẹ́mọ́rì tí kì í dá padà.

Mo jókòó kà á bí ẹni ń ka owó ni. Tí name bá kùnà, kò sí nǹkan kan láti dá padà. Tí buf bá kùnà, ọ̀kan. Line, méjì. c, mẹ́ta. Tó bá jẹ́ parse ló kùnà, ó yẹ kó jẹ́ mẹ́rin torí gbogbo wọn ló ti wà lọ́wọ́ wa nígbà yẹn. Tí gbogbo ẹ̀ bá wá lọ déédéé, mẹ́ta, torí c ń bá ẹni tó pe function lọ. Rò ó pọ̀, mẹ́tàlá ni. Méjìlá lo kà. Èyí tó sọnù yẹn, line ni, wo ohun tí ìwọ fúnra ẹ lẹ̀: name wà ńbẹ̀, buf wà ńbẹ̀, c wà ńbẹ̀, line ò sí. Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá ti fún library yẹn ní fáìlì config tí kò dáa ni line kan ń jáde nílé tí kì í padà wálé.

Torí náà mo ti dáhùn ìbéèrè rẹ kejì: ó wúlò. Ṣùgbọ́n má tíì tún nǹkan kan ṣe. Kọ́kọ́ fi patch láìnì kan péré ránṣẹ́, free(line), kó dá dúró. Ẹni tó ń yẹ patch wò á gbà á láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ó sì tún lè gbé e lọ sí version àtijọ́ láìjẹ́ pé ó gbé àtúnṣe ńlá mọ́ ọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí o wá mú èyí tó ń tún nǹkan tò wá, pẹ̀lú ẹ̀rí lọ́wọ́ pé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ló jẹ́ kí jíjò yẹn fara pamọ́.

* * *

Lórí "if (name) free(name)". Mo rí i pé ẹni mẹ́ta ti ń jà lórí ẹ̀ nísàlẹ̀, ọ̀kan ní ààbò ni, èkejì ní àṣà ni, ẹ̀kẹta ní kí á fi sílẹ̀ torí kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ yọ ọ́ o. Láti ìgbà tí C ti ní standard ní 1989 ni wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé tí o bá fún free ní NULL, kò ní ṣe nǹkan kan. Òótọ́ ni pé àwọn ẹ̀rọ ayé àtijọ́ kan wà, ṣáájú standard, tí free(NULL) máa ń pa program lórí wọn, ibẹ̀ ni àṣà yẹn ti wá, àmọ́ ta ló ṣì ń lo wọn? OpenSSL (library ààbò tó gbajúmọ̀) gbálẹ̀ irú if yẹn káàkiri kóòdù wọn ní 2015, kódà wọ́n tún mú kí àwọn function _free tiwọn náà máa gba NULL. Kernel Linux (ọkàn Linux) àti Git (irinṣẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn kóòdù) ní òfin Coccinelle, irinṣẹ́ ayẹ̀wò kóòdù, tó ń wá irú ẹ̀ jáde fúnra ẹ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú nípa if yẹn ni pé ó ń purọ́ fún ẹni tó ń kà á. Tí mo bá rí if (name), mo máa rò pé ọ̀nà kan wà tí name fi lè jẹ́ NULL níbẹ̀, mo máa wá ọ̀nà yẹn, mi ò ní rí i, ìdajì wákàtí ti lọ nìyẹn.

* * *

Ó wá kan goto.

Ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ ni pé goto burú, torí Dijkstra, ògbóǹtarìgì onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ti bú u láti 1968. Èmi ò bá Dijkstra jà, goto tí àwọn èèyàn ń kọ nígbà yẹn ń fò síwá fò sẹ́yìn bí tata, èèyàn ò ní mọ ibi tó ti wọlé. Èyí tí à ń sọ níbí, ìsàlẹ̀ nìkan ló ń lọ, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì ń gbà jáde. Ìwé òfin bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù nínú kernel Linux sọ ọ́ gbangba pé kí á lò ó tí function bá ní ibi púpọ̀ tó ti ń jáde tó sì ní iṣẹ́ ìgbálẹ̀ láti ṣe.

Ẹnì kan ti yára mú Apple wá pé ṣé a ò rántí "goto fail", àṣìṣe inú kóòdù ààbò wọn, ti oṣù kejì ọdún 2014 ni. Mo rántí dáadáa. Láìnì goto fail méjì ló tẹ̀ léra, if tó wà lókè wọn ò ní àkámọ́, torí náà èkejì ń fò ní gbogbo ìgbà, nígbà tó sì fò, err ṣì jẹ́ 0 (ìyẹn "kò sí àṣìṣe"), ni kóòdù bá sọ pé gbogbo nǹkan dáa láìyẹ signature wò rárá. Ṣé goto ló jẹ̀bi níbẹ̀? Tó bá jẹ́ "return err" ni wọ́n tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nǹkan kan náà ló máa ṣẹlẹ̀. Fi àkámọ́ sí if ẹ, kí o sì jẹ́ kí iye tí function máa dá padà jẹ́ "ó kùnà" láti ìbẹ̀rẹ̀, kó jẹ́ pé ìparí nìkan ló ti lè di "ó dáa".

Bí èmi ṣe máa kọ tìẹ nìyí:

    struct conf *c = NULL, *ret = NULL;
    char *name = NULL, *buf = NULL, *line = NULL;

    name = strdup(path);
    if (!name) {
        goto out;
    }
    /* buf, line, c: bákan náà */
    if (parse(c, name, buf, line) < 0) {
        goto out;
    }
    ret = c;
    c = NULL;
    out:
    conf_free(c);
    free(line);
    free(buf);
    free(name);
    return ret;

Ìgbálẹ̀ mẹ́tàlá ti di mẹ́rin. conf_free ni function tiwọn tó ń dá c àti ohun inú ẹ̀ padà. Wo láìnì méjì tó wà lókè out dáadáa o, ret = c, c = NULL. Ibẹ̀ ni a ti ń gbé c fún ẹlòmíì, a sì ń ṣẹ́ ọwọ́ wa kúrò lára ẹ̀. Tí o bá gbàgbé c = NULL, ohun tí o dá padà fún ẹni tó pè ọ́ ni ilé tí o ti dáná sun.

* * *

Ẹ̀gbọ́n kan ní label (orúkọ ibi tí goto ń fò lọ, bí out) kan ò tó, pé kernel máa ń ní label púpọ̀, out_free_buf, out_free_name, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ lẹ sọ, sà. Ìwé kan náà yẹn tiẹ̀ pe àṣìṣe kan ní "one err bugs": label kan ṣoṣo tó ń ṣe kfree(foo->bar) (kfree ni free ti kernel) kó tó ṣe kfree(foo), tí ọ̀nà kan bá wá gbé ẹ débẹ̀ nígbà tí foo jẹ́ NULL, o ti tẹ ihò. Àmọ́ ẹ wò ó sà, àwọn tó ń kọ driver (kóòdù tó ń darí ẹ̀rọ), kì í ṣe mẹ́mọ́rì nìkan ni wọ́n ń dá padà, wọ́n ń tú lock, wọ́n ń pa interrupt, púpọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyẹn ò ní "NULL" tí èèyàn lè fún wọn kí wọ́n dákẹ́. Ti àbúrò yìí, pointer lásán ni. Label kan, gbogbo ẹ̀ NULL lókè, ó parí.

Ó tún kù díẹ̀, errno, nọ́ńbà tí C fi ń sọ ìdí tí nǹkan fi kùnà. Ṣáájú glibc (library C ti Linux) 2.33, free lè yí errno padà mọ́ ẹ lọ́wọ́. Tí ẹni tó pè ọ́ bá fẹ́ ka errno, tọ́jú ẹ̀ síbì kan kí o tó bẹ̀rẹ̀ ìgbálẹ̀.

* * *

"Bọ̀dá, ẹ ń fi agbára ṣiṣẹ́, ẹ lo cleanup attribute."

Mi ò kọ̀ ọ́ o. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. GCC àti Clang, compiler C méjì, ló ní in: o sọ fún compiler pé tí variable yìí bá ti fẹ́ kúrò lójú ọ̀nà kí ó bá mi pe function báyìí lé e lórí. systemd (èyí tó ń gbé Linux dìde) ti ń lò ó tipẹ́, _cleanup_free_ ló kún inú kóòdù wọn. GLib, library C mìíràn, gbé g_autofree àti g_autoptr jáde ní version 2.44. Kernel fúnra ẹ̀, àwọn baba onígoto, gbà á wọlé ní version 6.5 lọ́dún 2023, __free(kfree) fún mẹ́mọ́rì, guard(mutex) fún lock.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti máa ń gbé èèyàn ṣubú. Tí o bá return pointer tó wọ attribute yẹn lásán, compiler á dá a padà sínú heap (àgbájọ mẹ́mọ́rì tí a ti ń yá) ní kété tí o bá ń jáde, ìwọ á wá gbé òkú fún ẹni tó pè ọ́. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí systemd fi ní TAKE_PTR, tí GLib ní g_steal_pointer, tí kernel ní no_free_ptr: iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe, wọ́n á gba iye inú ẹ̀, wọ́n á fi NULL rọ́pò. Ṣé ẹ rí i? Ret = c, c = NULL náà nìyẹn tó wọ agbádá. Ẹ ò sá fún ìbéèrè ta ló ni ín, aṣọ lẹ wọ̀ fún un.

Èkejì, má pò ó mọ́ goto nínú function kan. Tí goto bá fò kọjá ibi tí wọ́n ti kéde variable, ìgbálẹ̀ á ṣì ṣẹlẹ̀ lórí ìdọ̀tí tó bá wà nínú ẹ̀. Clang á kọ̀ ọ́ fún ẹ, GCC lè má sọ nǹkan kan. Àwọn kernel náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí á mú ọ̀kan nínú méjèèjì. Tí exit tàbí longjmp bá sì gbé ẹ jáde, kò sí ìgbálẹ̀ kankan.

Paríparí ẹ̀, MSVC, compiler Microsoft, ò ní in. Tí ẹnì kan bá ń fi MSVC kọ́ library yẹn lórí Windows, ọ̀rọ̀ ti tán. Àwọn ìgbìmọ̀ C ń ṣiṣẹ́ lórí nǹkan tó ń jẹ́ defer tó máa tó irú èyí, àmọ́ kò bá C23, standard C tuntun, wọlé.

* * *

Sí ẹni tó ní kí á fi Rust, èdè kóòdù mìíràn, tún un kọ: ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ yìí ní patch ni òun ń fi ránṣẹ́, kò ní òun ń dá ìjọba sílẹ̀.

* * *

Ẹni tó ní kí á má dá nǹkan kan padà rárá, pé tí program bá kú Linux á gba gbogbo mẹ́mọ́rì ẹ̀: tí ó bá jẹ́ command kékeré tó ń ṣiṣẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan tó sì jáde, mi ò ní bá yín jiyàn, Git gbé ayé bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kódà ní 2017 wọ́n ṣe macro kan, UNLEAK, tó ń sọ fún ẹ̀rọ tó ń wá jíjò pé "fi èyí sílẹ̀, a mọ̀ sí i." Àmọ́ library kì í mọ ilé ẹni tó máa bá ara ẹ̀. Lónìí command, lọ́la server tó máa ń wà láàyè fún oṣù mẹ́fà tó ń tún config kà ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan.

Èyí tí mo tún gbà pé ó dáa ju gbogbo ariwo wa lọ, tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ, ni pé kí á má máa dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Apache (server wẹ́ẹ̀bù) ní pool fún request kọ̀ọ̀kan, ohun gbogbo tí request yẹn bá yá, inú pool ẹ̀ ló ti yá a, tí request bá tán wọ́n á da gbogbo pool nù lẹ́ẹ̀kan. PostgreSQL (database) ní memory context tirẹ̀, Samba (tó ń pín fáìlì) ní talloc, àwọn méjèèjì yẹn dà bí agboolé: tí o bá ti da bàbá nù, àwọn ọmọ ẹ̀ bá a lọ. Ó dùn ún lò. Ṣùgbọ́n èèyàn ò lè gbé e wọ project àlejò nínú patch kan, ìpìlẹ̀ ilé nìyẹn, ẹni tó ń kọ́lé ló ń rò ó. Fún load_conf tó ń yá nǹkan mẹ́rin, yàrá kan lo fẹ́ kùn, má lọ gbẹ́ ìpìlẹ̀.

* * *

Mo ti jẹ ìyà ọ̀rọ̀ yìí rí, ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Project kan (mi ò ní dárúkọ ẹ̀), inú mi dùn sí goto out ju bó ṣe yẹ lọ, mo jókòó ní ọjọ́ Sátidé kan mo tún nǹkan bí ogójì fáìlì ṣe lẹ́ẹ̀kan, patch ńlá kan. Ó gùn débi pé kò sí ẹni tó kà á tán, wọ́n kàn gbà á. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀, àwọn èèyàn ní program ń kú tí àwọn bá fẹ́ pa á, tó bá ń ṣiṣẹ́ kò sí wàhálà, ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ pa á ni:

    free(): double free detected in tcache 2

Òru méjì ni mo fi wá a. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé function kan ń fi session sínú list, lẹ́yìn náà ó ń ṣe nǹkan kan tó lè kùnà. Kóòdù àtijọ́ mọ̀ pé láti ibi yẹn lọ list ló ni session, tó bá kùnà kò fọwọ́ kàn án. Èmi wá kó gbogbo ọ̀nà lọ sí out, out sì ń dá session padà. Nígbà tí program ń kú, list náà dá tiẹ̀ padà. AddressSanitizer, irinṣẹ́ tó ń wá àṣìṣe mẹ́mọ́rì, ló padà tú àṣírí mi, ó to ọ̀nà mẹ́ta sílẹ̀: ibi tí wọ́n ti yá a, ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dá a padà, ibi tí wọ́n ti fẹ́ dá a padà lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀nà kejì yẹn, láìnì tèmi gan-an ni. Mo kàn fi session = NULL sábẹ́ ibi tó ti wọ inú list ni, ó tán.

Láti ìgbà yẹn, function kan, patch kan. Kí n tó fọwọ́ kan èyíkéyìí, mo máa ń béèrè fún pointer kọ̀ọ̀kan pé ta ló ni ẹ́ ní láìnì yìí, ta ló máa ni ẹ́ ní láìnì tó tẹ̀ lé e. Mo tún máa ń béèrè ìkẹta tí kò sẹ́ni tó ń béèrè: ṣé ó tiẹ̀ yẹ kí á yá ẹ? Mẹ́mọ́rì tí o ò yá, kò sẹ́ni tó máa sin ẹ́ ní gbèsè ẹ̀. Àbúrò, lọ wo LINESZ, iye àyè tí wọ́n ń yá fún line, bóyá ó kéré, kí o sì lọ wo ohun tí parse ń fi name ṣe.

* * *

Ẹni tó béèrè bí èèyàn ṣe máa dán ọ̀nà ìkùnà wò nígbà tó jẹ́ pé malloc (àṣẹ tó ń yá mẹ́mọ́rì) kì í kùnà lórí laptop: ìwọ fúnra ẹ ni wàá mú kó kùnà. Curl (program tó ń gbé fáìlì gba orí Íńtánẹ́ẹ̀tì) ní nǹkan tí wọ́n ń pè ní torture test, wọ́n á ka iye ìgbà tí test kan yá mẹ́mọ́rì, wọ́n á wá tún test yẹn ṣe lọ́pọ̀ ìgbà, àkọ́kọ́ kùnà, wọ́n tún un ṣe, ìkejì kùnà, títí dé ìparí, tí ó bá jò tàbí tó kú níbì kankan wọ́n ti mú un. Ìwọ náà lè ṣe ti pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ́pẹ́: kọ malloc tìẹ tó ní kaúńtà, kó dá NULL padà nígbà tí kaúńtà bá pé, fi -fsanitize=address -g kọ́ gbogbo ẹ̀. Fún load_conf, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló máa gbà ẹ́.

* * *

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti padà dé. Patch free(line) ti wọlé lọ́jọ́ kejì. Maintainer (ẹni tó ń tọ́jú library náà) ní àwọn ò fẹ́ attribute torí àwọn kan ń fi MSVC kọ́ ọ, torí náà goto out ni. LINESZ, 256 ni, mo ti sọ ọ́ di char line[LINESZ]. Ti name ni mo rẹ́rìn-ín sí: parse ń ṣe strdup(name), ìyẹn ni pé ó ń da name kọ, sínú c->name, load_conf wá ń dá name tiẹ̀ padà, a jẹ́ pé ẹ̀dà ẹ̀dà ni. Mo ti fún parse ní path tààrà. Buf àti c nìkan ló kù, free méjì. Mo fẹ́ fi ránṣẹ́ lálẹ́ yìí."

O ṣeun, o gbìyànjú. O rí i pé ibi parse yẹn tiẹ̀ ń jò lọ́nà méjì nígbà yẹn? free(c) ló wà níbẹ̀, kì í ṣe conf_free, tí parse bá ti ṣe strdup kó tó kùnà, c->name náà ti lọ. Kọ ìyẹn sínú ọ̀rọ̀ tó bá patch rìn.

Kí o tó fi ránṣẹ́, lẹ̀ conf_free síbí kí n rí i.

* * *

"Òun nìyí sà:"

    void conf_free(struct conf *c)
    {
        free(c->name);
        free(c);
    }

Mo rò bẹ́ẹ̀. Tí buf bá kùnà, c ṣì jẹ́ NULL, goto out á gbé e débẹ̀, c->name á pa program. Fi if (!c) return; sókè ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀ pé èmi ni mo ní kí o yọ gbogbo if kúrò, fi ọ̀kan yìí síbẹ̀.